SUSI: bí a ṣe ń gba owó ìrànwọ́ fún ọmọ tó ń lọ kọ́lẹ́ẹ̀jì ní Írẹ́lándì

Owó wà fún ọmọ tó fẹ́ lọ kọ́lẹ́ẹ̀jì ní Írẹ́lándì, ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni sọ fún yín pé ọmọ olówó nìkan ló ń kàwé ní Trinity. Ohun tó ń ṣe ọ̀pọ̀ nínú wa ni pé a kì í fara balẹ̀ kọ fọ́ọ̀mù. A ó dé ibi tí wọ́n ti ń bèèrè owó tó ń wọlé, a ó kọ èyí tó bá ṣáà wá sí wa lọ́kàn, wọ́n á dá a dúró, ọmọ á bẹ̀rẹ̀ iléèwé ní September, ó di Kérésì kò tíì rí sẹ́ǹtì kan. Mo ti bá àwọn èèyàn wa kọ ọ́ láti Blanchardstown dé Drogheda, ibì kan náà ni wọ́n ti ń ṣubú, torí náà ibẹ̀ ni mo máa pẹ́ sí jù.

SUSI ni orúkọ àwọn tó ń san owó náà. Láti 2012 ni gbogbo ẹ̀ ti wà lọ́wọ́ wọn, tẹ́lẹ̀ àwọn káńsù àtàwọn VEC (ìgbìmọ̀ ètò ẹ̀kọ́ àdúgbò) ló ń ṣe é. Ẹ má dà á pọ̀ mọ́ Free Fees o. Free Fees ti wà láti 1996, ìjọba ló ń bá ọmọ tó ń ṣe dìgírì àkọ́kọ́ san owó iléèwé fún kọ́lẹ́ẹ̀jì tààrà. Èyí tó kù sọ́rùn ọmọ ni wọ́n ń pè ní student contribution, €3,000 ló jẹ́ fún ọdún pípẹ́, ó ti wá di €2,500 báyìí. Owó yìí ni SUSI lè bá yín san, gbogbo ẹ̀ tàbí apá kan, tí owó tó ń wọlé nínú ilé yín bá sì kéré wọ́n á tún fún ọmọ ní owó tó máa fi jẹun tó máa fi wọkọ̀, ìyẹn maintenance. Kì í ṣe lóònù, ẹnikẹ́ni ò ní ní kẹ́ ẹ dá a padà.

Ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá ó kàn yín

Pásípọ́ọ̀tù Írẹ́lándì, ti EU, ti UK, gbogbo ẹ̀ wọlé. Ẹni tó ní refugee status náà wọlé. Àmọ́ pásípọ́ọ̀tù nìkan ò tó, ọmọ gbọ́dọ̀ ti gbé níbí fún ọdún 3 nínú ọdún 5 tó ṣáájú ìgbà tí kọ́ọ̀sì ẹ̀ máa bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ gbé ọmọ lọ sí bọ́dìn ní Nàìjíríà kó lè mọ ẹ̀kọ́ ilé, tó wá padà dé lẹ́yìn SS3, ẹ ka gbólóhùn yẹn lẹ́ẹ̀kejì.

Stamp 4, ìyẹn àyè láti máa gbé kẹ́ ẹ sì máa ṣiṣẹ́ níbí, náà ń dá wàhálà sílẹ̀ gan-an. Kì í ṣe stamp yẹn ni wọ́n ń wò, ohun tó jẹ́ kí wọ́n fún yín ni wọ́n ń wò. Tó bá jẹ́ pé refugee status ló bí i, tàbí pé ìjọba pinnu pé àwọn ò ní lé yín lọ, wọ́n sì fún yín láyè láti dúró, kò sí wàhálà. Tó bá jẹ́ work permit lẹ bá wá, ọmọ tí ò tíì gba sítísìn ò ní rí owó SUSI gbà, ì báà jẹ́ pé ẹ ti ń san tax láti ọdún gbọọrọ. Ẹ má sì sọ pé ibí ni wọ́n bí i o, torí ọmọ tí wọ́n bí láti January 1, 2005 kì í di ọmọ Írẹ́lándì nítorí pé ó balẹ̀ síbí nìkan, iye ọdún tí bàbá tàbí ìyá ti lò ńlẹ̀ yìí kó tó bí i ni òfin ń wò. Èmi o, tí ọmọ bá ti wọ Junior Cert (ìdánwò ọdún kẹta ní sẹ́kọ́ńdírì) báyìí ni mo máa ń ní kí wọ́n ti lọ kọ ìwé sítísìn sílẹ̀, torí kì í tètè jáde.

Àkáǹtì

Ọmọ ló máa ṣí i, kì í ṣe mọ́mì. Fọ́ọ̀mù sábà máa ń jáde ní nǹkan bí ìgbà Easter, lọ́sẹ̀ yẹn náà ni kẹ́ ẹ kọ ọ́, ẹ má dúró de èsì CAO (àwọn tó ń pín ọmọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì), ẹ lè yí kọ́ọ̀sì padà tó bá yá. Kó má lo ímeèlì iléèwé o! Tó bá ṣe Leaving Cert (ìdánwò àṣejáde sẹ́kọ́ńdírì) tán wọ́n lè ti ímeèlì yẹn pa, gbogbo lẹ́tà SUSI á sì máa lọ síbi tí ẹnì kankan ò ti ń kà á. Gmail tuntun ni kó ṣí. Orúkọ tó wà lórí PPS (nọ́ńbà ìdánimọ̀ tí ìjọba fún un) ni kó kọ, tó bá jẹ́ Oluwaseun ló wà níbẹ̀ kó má kọ Seun.

Dependent àbí independent

Ọgbọ́n àwọn bọ̀dá wa wà níbí. Wọ́n á gbọ́ pé tí ọmọ bá jẹ́ independent wọn ò ní wo owó dádì, ni wọ́n bá ní kó kọ independent. Òfin ẹ̀ ni pé ọmọ gbọ́dọ̀ ti pé 23 ní January 1 ọdún tó kọ́kọ́ wọ kọ́lẹ́ẹ̀jì, kó sì ti kúrò nílé òbí láti October 1 ọdún tó ṣáájú, kó sì ní ẹ̀rí ẹ̀, bí ìwé rẹ́ǹtì tó wà ní RTB (àjọ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ilé rẹ́ǹtì) tàbí bílì iná tó jẹ́ orúkọ tiẹ̀. Ọmọ ọdún 19 tó ń gbé pẹ̀lú ọ̀rẹ́ ní Rathmines, dependent ni. Ọmọ ọdún 25 tó ṣì ń sùn nínú box room yín, òun náà dependent ni. Tí ẹ bá ti mú èyí tẹ́ ẹ mú, òun ni wọ́n á máa lò títí kọ́ọ̀sì á fi parí, ẹ má ṣe é ní kánjúkánjú.

Owó tó ń wọlé: ẹ jókòó síbí

Ẹ pa fóònù tì.

Ọdún tó kọjá ni wọ́n ń wò, January sí December. Fọ́ọ̀mù 2026/27, owó 2025 ni. Kì í ṣe èyí tẹ́ ẹ ń gbà báyìí, kì í sì í ṣe èyí tó ń wọ báńkì. Gross ni, kí ìjọba tó yọ ohunkóhun. Mo ti rí ìyá tó gbé bank statement ṣí, tó ń ro owó ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan pọ̀ lórí calculator, tó sì kọ àròpọ̀ yẹn sílẹ̀ pẹ̀lú ìfọ̀kànbalẹ̀. Nígbà tí SUSI bá wo ti Revenue (àjọ tó ń gba tax), nọ́ńbà méjèèjì ò ní bára mu, ọ̀rọ̀ á sì dúró síbẹ̀ títí wọ́n á fi ní kẹ́ ẹ wá ṣàlàyé. Ẹ wọ myAccount lórí Revenue, ẹ fi return ọdún yẹn ránṣẹ́, wọ́n á fún yín ní Statement of Liability, ìwé tó ń sọ iye tẹ́ ẹ gbà àti tax tẹ́ ẹ san, ohun tó bá wà níbẹ̀ lẹ máa kọ. Ọ̀fẹ́ ni, ẹ má fún ẹnikẹ́ni ní €50 pé kó bá yín gbà á. Nígbà míì ẹ tún lè bá tax tí wọ́n gbà jù lọ́wọ́ yín pàdé níbẹ̀, wọ́n á dá a padà fún yín.

Owó bàbá, ti ìyá, àti ti ọmọ fúnra ẹ̀ ni wọ́n ń ṣírò. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ kíà, ìyẹn títọ́jú arúgbó àti aláìsàn, tó ń gba ófátáìmù lálẹ́ àti lọ́jọ́ Sunday, gbogbo ófátáìmù yẹn wà níbẹ̀. Mo mọ àwọn tó fi shift December nìkan fo ààlà owó tí SUSI fi sílẹ̀, torí náà ẹ wo ibi tẹ́ ẹ dé nígbà tí ọdún bá ń parí lọ, kẹ́ ẹ tó sọ fún máníjà pé kó fi orúkọ yín sí gbogbo Saturday. Ẹni tó bá ń san pẹ́ńṣọ̀n, wọ́n máa ń yọ ìyẹn kúrò, ẹ má gbàgbé láti kọ ọ́. Child Benefit ò sí nínú ẹ̀, ẹ má kọ ọ́ kún un.

Ibi tó ti ń dun èèyàn nìyí. Owó tó ń wọlé láti òkè òkun náà wà nínú ẹ̀. Ilé tẹ́ ẹ kọ́ sí Ìbàdàn tí àwọn ayálégbé ń san owó ẹ̀ lọ́dọọdún, owó ni, ẹ kọ ọ́. Mo mọ̀ pé ẹ máa sọ pé àbúrò yín ló ń gbà á, pé kò tó nǹkan tẹ́ ẹ bá ṣẹ́ ẹ sí yúrò. Ẹ ṣáà kọ ọ́, torí ẹni tó fi pamọ́ tí wọ́n wá rí i, gbogbo èyí tí ọmọ ti gbà ni wọ́n lè ní kó dá padà. Ní òdìkejì ẹ̀wẹ̀, owó tẹ́ ẹ ń fi ránṣẹ́ sí màmá nílé lóṣooṣù, wọn ò ní bá yín yọ ọ́. Àwọn èèyàn máa ń kó ìwé Western Union jọ wá bá mi, mo máa ń ní kí wọ́n gbé e padà sílé.

Tí ìyá àti bàbá bá ti pínyà, owó ẹni tí ọmọ ń gbé lọ́dọ̀ ẹ̀ ni wọ́n máa wò, pẹ̀lú owó ìtọ́jú tí ìkejì bá ń san fún un. Àmọ́ ẹ gbọ́dọ̀ ní ìwé tó fi hàn pé ẹ ti pínyà. Kẹ́ ẹ sọ pé “dádì ẹ̀ wà ní Lagos, kò bìkítà fún wa” lásán ò lè ràn yín lọ́wọ́.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń wa takisí, ẹ tètè ṣe Form 11, fọ́ọ̀mù tax ẹni tó ń ṣiṣẹ́ fún ara ẹ̀. Òfin fún yín di October 31, mo mọ̀, àmọ́ SUSI á fẹ́ rí ti ọdún tó kọjá kí wọ́n tó sọ̀rọ̀, tẹ́ ẹ bá wá dúró di October kí akáńtáǹtì tó ṣí fáìlì yín, ọmọ náà ló máa jìyà ẹ̀. Tèmi ni pé kó ti jáde kó tó di oṣù kẹfà.

Tẹ́ ẹ bá pàdánù iṣẹ́ lẹ́yìn ọdún tí wọ́n ń wò, tí owó sì wálẹ̀ tí kò ní tètè padà sókè, ẹ sọ fún wọn pé nǹkan ti yí padà, wọ́n lè tún un ṣírò. Ẹ sì ka gbogbo ọmọ. Ọmọ tó wà ní PLC (kọ́ọ̀sì tí wọ́n ń ṣe lẹ́yìn Leaving Cert), èyí tó wà ní yunifásítì, ẹ kọ gbogbo wọn, torí bí wọ́n ṣe ń pọ̀ sí i ni ààlà owó yín ń gòkè. Ìdí nìyí tí ìdílé méjì tó ń gba owó kan náà fi lè gba èsì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ẹ má fi ti aládùúgbò ṣe òdiwọ̀n.

Ọ̀nà jíjìn àti ìwé

Maintenance máa ń pọ̀ sí i tí ilé yín bá jìn sí kọ́lẹ́ẹ̀jì ju 30 km lọ, 45 ló jẹ́ kó tó di 2022. Ẹni tó wà ní Drogheda tí ọmọ ẹ̀ ń lọ sí Dublin kò ní ìṣòro. Ẹni tó wà ní Balbriggan, ẹ má fojú díwọ̀n, ẹ fi Google Maps wọ̀n ọ́n láti Eircode (kóòdù àdírẹ́sì) ilé yín dé ti kọ́lẹ́ẹ̀jì.

Tí wọ́n bá bèèrè ìwé, ẹ má ya fọ́tò ẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì tí bẹ́ẹ̀dìṣíìtì ń hàn lábẹ́ ẹ̀. Ẹ lo scan tó wà nínú Notes lórí iPhone, tàbí ti Google Drive lórí Android. PDF, gbogbo ojú ìwé, títí kan ẹ̀yìn tí kò sí nǹkan kan lórí ẹ̀. Àwọn kan ń ra skánà nítorí fọ́ọ̀mù kan ṣoṣo, mi ò mọ ohun tí wọ́n fẹ́ fi ṣe lẹ́yìn náà.

Tí wọ́n bá kọ̀ ọ́, ẹ ní ọjọ́ 30 láti pe ẹjọ́ lọ́dọ̀ SUSI fúnra wọn, tí ìyẹn ò bá tún ṣiṣẹ́ ẹ lọ sí Student Grants Appeals Board. Ẹ má kọ lẹ́tà ẹ̀bẹ̀ o, ẹ̀bẹ̀ ò sí nínú òfin wọn, ibi tí wọ́n ti ṣírò yín lódì ni kẹ́ ẹ tọ́ka sí. Tí wọ́n bá sì fọwọ́ sí i, owó ò ní wọlé títí ọmọ á fi rẹ́jísítà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, àkáǹtì tó jẹ́ orúkọ ọmọ ló sì máa wọ̀.

Ọ̀rọ̀ kan fún ọmọ fúnra ẹ̀: ọdún tó bá tún ṣe, wọn kì í san án lẹ́ẹ̀kejì. Ẹni tó lọ ṣe ọdún kan nínú kọ́ọ̀sì tí kò fẹ́, tó wá padà lọ bẹ̀rẹ̀ òmíì láti ọdún àkọ́kọ́, ọdún yẹn wà lọ́rùn ẹ̀yin òbí.

Àwọn owó míì

Student Assistance Fund wà nínú kọ́lẹ́ẹ̀jì gan-an, access office ni kó lọ. Ó lè fi ra ìwé, fi san rẹ́ǹtì, fi san owó ẹni tó ń bá a tọ́jú ọmọ, kò kàn lè fi san student contribution ni. Ẹni tó ń gba SUSI náà lè gbà á. 1916 Bursary wà, èyí tó tóbi jù nínú ẹ̀ jẹ́ €5,000 lọ́dún, àwọn tí nǹkan ò rọrùn fún nílé ni wọ́n ń fún. HEAR kì í ṣe owó tààrà, ó ń jẹ́ kí ọmọ wọlé pẹ̀lú point (máàkì Leaving Cert) tó dín díẹ̀, ó sì ń ṣílẹ̀kùn ìrànwọ́ míì, CAO lẹ ti máa ṣe é, CAO ń pa dé ní February 1, fọ́ọ̀mù HEAR ní March 1. Ọmọ tí point ẹ̀ ò tó, kó lọ ṣe PLC, wọ́n ti fagi lé €200 tí wọ́n ń gbà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, SUSI sì ń fún wọn ní maintenance.

Ẹni tó ṣì wà nínú ètò international protection, ìyẹn ẹni tó ń béèrè ibi ìsádi, SUSI ò ní ṣí fún un, àmọ́ ìjọba ní ètò kan tó jọ ọ́ fún wọn, àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì tó jẹ́ University of Sanctuary (orúkọ tí wọ́n ń fún àwọn tó ń gba asásálà mọ́ra) náà ní sikọ́láṣíìpù tiwọn, DCU (Dublin City University) ló kọ́kọ́ gba orúkọ yẹn ní Írẹ́lándì.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wá pẹ̀lú Stamp 2, ìyẹn ti akẹ́kọ̀ọ́, láti Nàìjíríà, ẹ má fi àkókò ṣòfò lórí SUSI. Tiyín ni Government of Ireland International Education Scholarship, €10,000 fún ọdún kan, owó iléèwé sì di ọ̀fẹ́, 60 péré ni wọ́n ń fún. Yàtọ̀ síyẹn, wákàtí 20 lọ́sẹ̀ ni òfin fún yín láti ṣiṣẹ́ nígbà tí iléèwé bá ń lọ, 40 láti June dé September àti láti December 15 dé January 15.

Òbí tó ń san rẹ́ǹtì fún ọmọ tí kò tíì pé 23 nígbà tó wọ kọ́lẹ́ẹ̀jì, ẹ béèrè Rent Tax Credit lọ́dọ̀ Revenue, ó tó €1,000 lọ́dún, kódà tó bá jẹ́ digs ló ń gbé nínú ilé onílé. Ẹ gba orúkọ onílé àti Eircode ilé náà lọ́wọ́ ọmọ lọ́jọ́ tó bá kó wọlé, torí myAccount á bi yín.