Ẹ yé da owó yín sínú òkun: àwọn àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ létí òkun Èkó

Iṣẹ́ dídáàbò bo etí òkun ni mò ń ṣe, láti Lẹ́kí títí dé apá Ìbẹ̀jú. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń pè mí, owó ti tán lọ́wọ́ wọn kí wọ́n tó pè. Wọ́n ti ra ilẹ̀, wọ́n ti kọ́ ilé ìgbafẹ́, wọ́n ti mọ ògiri, òkun sì ti kó o lọ. Ohun tó ń bí mi nínú ni pé ohun kan náà ni gbogbo wọn ń ṣe, bẹ́ẹ̀ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ẹni ìṣáájú kò fara sin. Mi ò ní ṣàlàyé ìdí tí òkun fi ń kún tó sì ń fà. Ẹni tó fẹ́ ra ilẹ̀ létí òkun yẹ kó ti mọ ìyẹn.

1. Ẹ má lọ wo ilẹ̀ etí òkun nígbà ọyẹ́ nìkan. Ìgbì máa ń rọlẹ̀ nígbà náà, yanrìn á padà wá, etí òkun á sì fẹ̀ dáadáa. Àsìkò yẹn gan-an ni àwọn tó ń ta ilẹ̀ fẹ́ràn láti mú oníbàárà lọ. Láàárín oṣù kẹfà sí oṣù kẹsàn-án ni kí ẹ lọ, nígbà tí ìrumi ńlá bá ń ti gúúsù ìwọ̀ oòrùn bọ̀, kí ẹ dúró títí òkun á fi kún, kí ẹ wo ibi tí omi dé. Oṣù kẹjọ ọdún 2012 ni òkun ya wọlé mọ́ àwọn tó ń gbé inú àgọ́ pákó ní Kúrámò, etí òkun kan ní Victoria Island, tó sì gba ẹ̀mí èèyàn.

2. Ẹ má fi àwòrán ilẹ̀ ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn ra ilẹ̀. Ẹ jẹ́ kí awọnlẹ̀ tún un wọ̀n. Apá kan rẹ̀ lè ti wà lábẹ́ omi.

3. Àpò ìrẹsì tí wọ́n rọ yanrìn sí kì í ṣe odi. Oòrùn á jẹ ẹ́, ìgbì á fà á ya, ọ̀rá rẹ̀ á sì fọ́n ká gbogbo etí òkun.

4. Ògiri. Ibí ni mo ti fẹ́ sọ̀rọ̀ dáadáa, torí ibí ni owó ti ń ṣòfò jù. Onílẹ̀ á ní kí bíríkìlà bá òun mọ ògiri búlọ́ọ̀kù tàbí kọnkéré, kó dúró ṣánṣán, kó ga, kó nípọn. Ìgbì tó bá kọlu irú ògiri bẹ́ẹ̀ kì í kú síbẹ̀. Ńṣe ló máa ń ta padà, agbára tó fi ń ta padà ló sì fi ń gbẹ́ yanrìn tó wà ní ẹsẹ̀ ògiri. Bí iwájú ògiri bá ṣe ń jìn sí i, bẹ́ẹ̀ ni ìgbì tó tóbi ju ti tẹ́lẹ̀ lọ á máa ráyè dé ibẹ̀, títí ìpìlẹ̀ á fi yọ síta, tí ògiri á sì dojú bolẹ̀. Bí kò bá tilẹ̀ wó, omi á gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì wọlé, á máa gbẹ́ ilẹ̀ tó wà lẹ́yìn rẹ̀.

Ọkùnrin kan tó ní ilé ìgbafẹ́ náwó sórí ògiri báyìí ju èyí tó ná sórí ilé fúnra rẹ̀ lọ. Kí òjò ọdún kejì tó dá, ògiri ti dùbúlẹ̀ sínú yanrìn. Mo bẹ̀ ẹ́ kó má tún un mọ. Ó tún un mọ síbì kan náà, irin ló kàn fi kún un. Òkun wó ìyẹn náà. Irin yẹn ṣì wà níbẹ̀ dòní, ó ti dógùn-ún, ó sì ń gún àwọn ọmọdé tó ń ṣeré létí omi lẹ́sẹ̀.

Èyí tó dùn mí jù ni ti aládùúgbò. Yanrìn etí òkun wa kì í jókòó sójú kan. Ìgbì ń gbé e láti ìwọ̀ oòrùn lọ sí ìlà oòrùn, láti apá Kútọnu wá sí Badagry, ó ń gba Èkó kọjá lọ sí Lẹ́kí. Ẹnikẹ́ni tó bá dá a dúró lójú ọ̀nà, ẹni tó wà ní ìlà oòrùn rẹ̀ ló máa jìyà rẹ̀.

Ẹ wo Bar Beach, etí òkun Victoria Island. Láyé àtijọ́, òkìtì yanrìn abẹ́ omi ló dí ẹnu ọ̀nà èbúté Èkó, ọkọ̀ òkun ńlá kò lè wọlé. Forcados, èbúté kan ní agbègbè Niger Delta, ni wọ́n ti ń já ẹrù tó ń bọ̀ ní Èkó, kí ọkọ̀ kékeré tó gbé e wá. Ìjọba amúnisìn wá kọ́ ògiri àpáta wọ inú òkun ní ẹnu ọ̀nà náà láti ọdún 1908 sí 1912. Ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé. Ṣùgbọ́n yanrìn tó ń ti ìwọ̀ oòrùn bọ̀ dúró sẹ́yìn ògiri yẹn, ní etí òkun Lighthouse, ó sì ń fẹ̀ sí i. Victoria Island tó wà ní ìlà oòrùn kò rí yanrìn gbà mọ́, òkun sì jẹ ilẹ̀ ibẹ̀ ju kìlómítà kan lọ. Láti ìparí àwọn ọdún 1950 ni ìjọba ti ń da yanrìn sí Bar Beach, tí òkun ń kó o lọ, tí wọ́n tún ń dà á. Nígbà tó yá, wọ́n ṣètò ògiri àpáta àti kọnkéré tó máa gùn tó kìlómítà 8.5 láti dáàbò bo Eko Atlantic, ìlú tuntun tí wọ́n da yanrìn sínú òkun níbẹ̀ láti kọ́. Ní ìlà oòrùn rẹ̀, àwọn ará Òkun Alfa ń pariwo pé òkun ń gba títì àti ilé wọn. Ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó wá ń kọ́ àwọn ògiri àpáta kéékèèké wọ inú òkun létí Lẹ́kí. Àwọn yẹn náà ń gba yanrìn dúró, ẹni tó wà lẹ́yìn èyí tó kẹ́yìn sì gbọ́dọ̀ la ojú rẹ̀. Ohun kan náà ló bá ìlà oòrùn Kútọnu lẹ́yìn tí wọ́n kọ́ èbúté ibẹ̀, àti etí òkun Togo láti Lomé lọ dé Aného.

Tí ẹ bá dá nìkan mọ ògiri, aládùúgbò yín á mọ tirẹ̀, ẹni tó tẹ̀ lé e náà á mọ tirẹ̀. Láìpẹ́ gbogbo yín á ní ògiri, kò sì ní sí yanrìn tí àlejò máa tẹ́ ẹní sí.

Ẹ kọ́lé sẹ́yìn. Owó ògiri yẹn, ẹ fi kún owó ilẹ̀ tó jìnnà sí omi. Ẹ fi pákó ṣe àgọ́ ìgbafẹ́ lórí òpó, kó jẹ́ èyí tó ṣeé tú gbé sẹ́yìn. Bí ilé bá ti wà níbẹ̀ ná tí kò ṣeé gbé, òkúta gíránáìtì ńláńlá ni kí ẹ tò, kó dàgẹ̀rẹ̀ sọ́dọ̀ omi, kí wọ́n sì tẹ́ aṣọ asẹ́ tí àwọn ẹnjiníà ń lò sábẹ́ rẹ̀, kí yanrìn má baà yọ́ jáde. Omi á wọ àárín òkúta, agbára rẹ̀ á sì dínkù. Kí gbogbo àdúgbò pawọ́ pọ̀ ṣe é pẹ̀lú ìwé àṣẹ ìjọba, kí ẹni tó mọ iṣẹ́ sì ti yẹ ibẹ̀ wò nígbà òjò àti nígbà ẹ̀ẹ̀rùn.

Ti yanrìn dídà náà wà níbẹ̀. Ó sàn ju ògiri lọ, torí èyí tí òkun bá gbé kúrò lọ́dọ̀ yín á dé ọ̀dọ̀ aládùúgbò. Ṣùgbọ́n àwọn èèyàn ń ra yanrìn kíkúnná láti inú ọ̀sà torí pé kò wọ́n, ìgbì ọjọ́ díẹ̀ á sì fọ̀ ọ́ lọ. Àwọn mìíràn ń jẹ́ kí ọkọ̀ tó ń fa yanrìn gbẹ́ ẹ níwájú wọn gan-an. Kòtò tó gbẹ́ sílẹ̀ yẹn ni yanrìn etí òkun yín á máa yọ̀ lọ dí. Kódà èyí tí wọ́n ṣe dáadáa, ó dìgbà tí wọ́n bá ń tún un dà. Ẹni tí kò bá ní owó ìyẹn, kó má bẹ̀rẹ̀.

Ewéko tó ń fà nílẹ̀, tó ń yọ òdòdó aláwọ̀ àlùkò, ẹ má ro ó dànù kí ojú ilẹ̀ lè mọ́. Òun ló ń di yanrìn mú. Ẹ má sì tan iná gbòò sójú omi lóru. Ọmọ ìjàpá òkun tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú ẹyin á dorí kọ iná dípò omi.

Ẹ̀yin ará Ìlàjẹ, ẹ má gbé ọgbọ́n Lẹ́kí lọ sí Ayétòrò, ìlú yín tó wà létí òkun ní ìpínlẹ̀ Oǹdó. Ẹrẹ̀ ló pọ̀ létí òkun yín, òkúta tí ẹ bá kàn jù síbẹ̀ á rì. Ìlú tí wọ́n tẹ̀ dó ní ọdún 1947 ni òkun ń jẹ bẹ́ẹ̀. Láti ọdún 2004 ni wọ́n ti gbé iṣẹ́ àtidáàbò bò ó lọ́wọ́ òkun jáde, àwọn èèyàn sì ṣì ń kó ẹrù sá fún omi. Ìyẹn ju agbára àdúgbò kan lọ. Ìjọba ló ni ín, kò sì yẹ kí wọ́n jẹ́ kó pẹ́ tó yìí.

Ẹ má sì ra yanrìn tí wọ́n kó létí òkun láti fi kọ́lé. Iyọ̀ inú rẹ̀ á jẹ irin inú kọnkéré yín, ilé á sì máa sán. Bí típà bá ń wá kó o lóru ní àdúgbò yín, ẹ kọ nọ́ńbà ọkọ̀ náà sílẹ̀, kí ẹ sì fi tó baálẹ̀ àti iléeṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó àyíká létí ní àárọ̀ ọjọ́ kejì.