Láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ tó kọ̀ tí ò gbàgbé èdè Jámánì

Tòkunbọ̀ tó ti Jámánì wá pọ̀ nígboro báyìí, ẹni tó tà á fún yín á ti sọ pé òun ti yí i sí Gẹ̀ẹ́sì, ẹ délé, ẹ tàn án, "Willkommen" ló fi ń kí yín. Kò bàjẹ́ o, ẹ má tíì gbé e pa dà. Èdè inú Windows ò sí lójú kan ṣoṣo ni, ibì kan lonítọ̀hún yí, ó fi ìyókù sílẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ wo irú Windows tó wà lórí ẹ̀. Ẹ tẹ bọ́tìnnì Windows pẹ̀lú R pa pọ̀, ẹ kọ winver, ẹ tẹ Enter. Tẹ́ ẹ bá rí "Single Language" níbẹ̀, ọ̀rọ̀ ti le díẹ̀ nìyẹn, torí irú yẹn ò gba ju èdè kan lọ, àfi kẹ́ ẹ sanwó kún un kó di Home gidi tàbí Pro, tàbí kẹ́ ẹ fi Windows mí-ìn sí i látìbẹ̀rẹ̀.

Tí kì í bá ṣe ìyẹn, ẹ tẹ Windows pẹ̀lú I, ẹ wọ "Zeit und Sprache", ẹ lọ síbi èdè, ẹ tẹ "Sprache hinzufügen", ẹ mú English. Ibí yìí ló ti ń dà rú fún ọ̀pọ̀ èèyàn: orúkọ English á ti wà nínú lísìtì, àmọ́ language pack gangan, ìyẹn fáìlì tó gbé èdè náà dání, ò tíì wọlé, bóyá dátà ló tán lójú ọ̀nà, ẹ wá ń rí mẹ́nù tó jẹ́ Jámánì lápá kan, Gẹ̀ẹ́sì lápá kan. Ẹ wọ options English yẹn kẹ́ ẹ rí i pé ó ti wọlé tán, lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ wá mú un ní display language, ìyẹn èdè tí Windows á máa fi kọ mẹ́nù ẹ̀. Kẹ́ ẹ wá tẹ "Abmelden", kẹ́ ẹ jáde pátápátá. Pípa láptọ́ọ̀pù dé lásán ò kà o.

Ti "Willkommen" ńkọ́? Ẹ tún tẹ Windows pẹ̀lú R, ẹ kọ intl.cpl, ẹ lọ sí Administrative, ẹ tẹ Copy settings, ẹ máàkì àpótí méjèèjì tó wà nísàlẹ̀, ti Welcome screen àti ti New user accounts, kẹ́ ẹ wá rísítáàtì. Ìdí tí Microsoft fi lọ tọ́jú ẹ̀ síbi jíjìn báyẹn, àwọn ló yé.

Kíbọ́ọ̀dù tún lọ́tọ̀. Ní ti Jámánì, Y àti Z ti pààrọ̀ àyè, tẹ́ ẹ bá ń tẹ̀ ẹ́ láìwo bọ́tìnnì, ẹ fẹ́ kọ "Yemi", "Zemi" ló máa gbé jáde, tí lẹ́tà yẹn bá sì wà nínú páswọ́ọ̀dù yín, á kọ̀ jálẹ̀, ẹ ó máa rò pé ẹ ti gbàgbé ẹ̀. Ẹ tẹ Windows pẹ̀lú Space láti yí i. Àmọ́ ohun tí wọ́n tẹ̀ sórí bọ́tìnnì ò ní yí o, èyí tí wọ́n kọ Z sí ló máa kọ y, sítíkà ló máa gbà yín.

Ó ku àwọn prógíráàmù. Firefox lè máa sọ Jámánì nìṣó bí Windows bá tiẹ̀ ti yí, inú Settings tiẹ̀, lábẹ́ General, lẹ ti máa yí i. Ti Word wà ní Datei, Optionen, Sprache. Tẹ́ ẹ bá yí i tán, ẹ pa á pátápátá, kẹ́ ẹ sì wo ẹ̀gbẹ́ aago nísàlẹ̀, torí àwọn kan máa ń sá pa mọ́ síbẹ̀, èdè àtijọ́ náà ni wọ́n á máa sọ títí ẹ ó fi pa wọ́n.

Tó bá jẹ́ Windows 10 ni, ẹ lè mú Yorùbá náà, ó wà nínú lísìtì, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ẹ̀ ni wọ́n túmọ̀, Gẹ̀ẹ́sì ló máa bo ibi tó bá ṣẹ́ kù, kò sí sẹ́tìn tó lè tún ìyẹn ṣe. Ohun mí-ìn tí kì í yí fúnra ẹ̀ ni "Administratoren", orúkọ tí Windows ti fún ẹgbẹ́ àwọn ọ̀gá kọ̀ǹpútà látọjọ́ tí wọ́n ti fi í sórí ẹ̀. Ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, kò dí nǹkan kan lọ́wọ́, àfi tẹ́ ẹ bá ń lo script, ìyẹn àkójọ àṣẹ tí kọ̀ǹpútà ń tẹ̀ lé, tó ń wá "Administrators".