Bí mo ṣe tẹ "cédez" nínú orin Debussy

Wọ́n ní kí n wá orin jẹ́jẹ́ kan tí n ó tẹ̀ nígbà tí tọkọtaya bá ń fọwọ́ sí ìwé ní ṣọ́ọ̀ṣì. Mo mú La fille aux cheveux de lin, ìkẹjọ nínú ìwé kìíní Préludes, àwọn orin píánò kéékèèké tí Claude Debussy, akọrinsílẹ̀ ọmọ ilẹ̀ Faransé, gbé jáde ní 1910. Ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kò le: ọwọ́ ọ̀tún nìkan, lórí àwọn dúdú píánò. Cédez, ọ̀rọ̀ Faransé tí Debussy kọ sórí orin náà, ló gba àkókò mi.

Ohun tó ń sọ ni pé kí o dẹwọ́ díẹ̀, kí eré orin rọra falẹ̀. Ó yàtọ̀ sí retenu, ọ̀rọ̀ Faransé mìíràn, níbi tí a ti ń fa ìjánu lójú ẹsẹ̀. Debussy fa ìlà kéékèèké tẹ̀ lé e láti fi ibi tó gùn dé hàn, ó sì fi ìlà méjì tó fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan pa á dé. Lẹ́yìn ìyẹn ni "Mouvt": padà sí eré tí o ń bá bọ̀.

Mo kọ́kọ́ yí ẹ̀rọ tó ń ka bíìtì sí 66 ní ìṣẹ́jú kan, iye tó wà lórí orin náà, mo sì tẹ gbogbo rẹ̀ láìdẹwọ́ rárá. Ó gbẹ, ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí eré yẹn wọ̀ mí lára kí n tó kúrò nínú rẹ̀. Mo wá pa ẹ̀rọ náà, mo fẹnu kọ ibi tí cédez wà. Ibi tí èémí mi bá ti fẹ́ gùn ni mo jẹ́ kí ọwọ́ gùn sí. Onígángan kì í tú ọsán ìlù rẹ̀ kí ohùn tó wálẹ̀. Apá ló ń dẹ̀.

Ní ìlà méjì yẹn gan-an, mo gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí pẹ́dàlì, mo tún un tẹ̀, bíìtì tó kàn sì bọ́ sí 66 lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀pọ̀ olùtẹ píánò tí mo ti gbọ́ ló ń rọra yọ́ padà sí eré náà. Lójú tèmi, ìyẹn ló ń mú orin náà tòògbé.

Mi ò sì jẹ́ kí ó pọ̀, torí pé nítòsí ìparí ni Debussy kọ "Murmuré et en retenant peu à peu": kí ohùn di wúyẹ́wúyẹ́, kí eré máa dínkù díẹ̀díẹ̀. Ibẹ̀ ni mo ti wá fà á gan-an.