Iṣẹ́ júrì ní Ìlú Ọba àti fọ́ọ̀mù tó fẹ́ jẹ owó mi

Inú ti ń bí mi kí n tó dé kóòtù rárá. Ní ilẹ̀ England, júrì ni àwọn ará ìlú 12 tí wọ́n ń pè sí kóòtù láti pinnu bóyá olùjẹ́jọ́ jẹ̀bi, ẹni tí lẹ́tà iṣẹ́ náà bá sì kàn gbọ́dọ̀ lọ. Ẹni tó bá kọ̀ láìnídìí lè san owó ìtanràn tó tó £1,000. Ṣùgbọ́n òfin ò sọ pé dandan ni kí ibi iṣẹ́ sanwó ọjọ́ tí èèyàn fi jókòó sí kóòtù. Èmi tí mò ń tọ́jú àwọn àgbàlagbà, wákàtí tí mo bá ṣe ni mò ń gbowó rẹ̀. Mi ò ṣe, mi ò gbà. Onílé ò sì ní gbọ́ ti júrì.

Ti ìdáhùn lẹ́tà ò le, orí íntánẹ́ẹ̀tì ni. Ẹ má rò pé ọmọ onílẹ̀ nìkan ni wọ́n ń pè o. Inú ìwé orúkọ àwọn olùdìbò ni wọ́n ti ń ṣa èèyàn, ọmọ Nàìjíríà tó ń gbé níbẹ̀ lábẹ́ òfin sì lè wà nínú rẹ̀.

Fọ́ọ̀mù owó tí mo pàdánù ló bà mí lọ́kàn jẹ́. Nígbà tí mo lọ, ohun tí kóòtù ń dá padà ò lè ju £64.95 lójúmọ́ lọ fún ọjọ́ 10 àkọ́kọ́. Ọjọ́ tí o ò bá lò ju wákàtí 4 lọ, £32.47 ni. Owó iṣẹ́ wákàtí 12 mi ju ìyẹn lọ dáadáa. Díẹ̀ yẹn náà, àfi kí ibi iṣẹ́ kọ iye tí mo pàdánù sínú fọ́ọ̀mù, kí wọ́n sì buwọ́ lù ú.

Máníjà mi ní kì í ṣe iṣẹ́ òun, kí n lọ bá àwọn tó ń sanwó oṣù. Àwọn yẹn ní kí máníjà kọ́kọ́ buwọ́ lù ú. Wọ́n ń gbá mi síhìn-ín sọ́hùn-ún bíi bọ́ọ̀lù, títí ọjọ́ kóòtù fi kù sí dẹ̀dẹ̀. Nígbà tí wọ́n wá kọ ọ́, wọ́n fi àyè iye owó sílẹ̀ lófìfo, wọ́n ní wákàtí mi kì í dọ́gba! Kóòtù dá a padà. Èmi fúnra mi ni mo kó ìwé owó oṣù mi jọ, tí mo ṣírò ohun tí mò ń gbà lọ́sẹ̀, tí mo sì dúró tì wọ́n kí wọ́n tó kọ nọ́ńbà kan ṣoṣo yẹn.

Inú kóòtù gan-an ńkọ́? Orí mi wú. Akọ̀wé kóòtù fa orúkọ 12 yọ láìwo ojú ẹnikẹ́ni, a sì búra lọ́kọ̀ọ̀kan. Adájọ́ ló ń sọ òfin fún wa, ṣùgbọ́n bóyá olùjẹ́jọ́ jẹ̀bi tàbí kò jẹ̀bi, àwa la máa sọ ọ́. Ní Nàìjíríà lónìí, adájọ́ nìkan ló ń ṣe méjèèjì. Ní England, adájọ́ ò tilẹ̀ lè pàṣẹ fún wa pé ká dá èèyàn lẹ́bi. Èèyàn jìyà kí ìyẹn tó rí bẹ́ẹ̀: ní 1670, ní London, wọ́n ti àwọn júrì mọ́lé láìsí oúnjẹ, wọ́n bu owó ìtanràn lé wọn, torí pé wọ́n kọ̀ láti dá William Penn, oníwàásù kan, lẹ́bi. Ọ̀kan nínú wọn, Edward Bushell, ní òun ò san. Ẹjọ́ tirẹ̀ ló fìdí ẹ̀ múlẹ̀ pé a kì í fìyà jẹ júrì nítorí ìdájọ́ rẹ̀.

Ohun tí a bá ara wa sọ nínú yàrá wa, mi ò ní sọ ọ́, òfin kà á sí ọ̀ràn. Gbogbo wa ló yẹ ká fẹnu kò. Tó bá ti ju wákàtí 2 àti ìṣẹ́jú 10 lọ, adájọ́ lè ní tí èèyàn 10 bá ti gbà, ó tó.

Ìwọ tí lẹ́tà bá dé ọwọ́ rẹ, ọjọ́ yẹn gan-an ni kó o mú fọ́ọ̀mù lọ síbi iṣẹ́, pẹ̀lú ìwé owó oṣù rẹ, kó o sì fi ímeèlì tẹ̀ lé e kí ẹ̀rí lè wà. Tí àkókò náà ò bá rọgbọ, ní kí wọ́n sún un síwájú. Ẹ̀ẹ̀kan ni wọ́n ń gbà, kò sì gbọ́dọ̀ kọjá oṣù 12. Owó tèmi dé nígbẹ̀yìn, lẹ́yìn tí mo ti yáwó san owó ilé. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín £64.95 àti ohun tí mò ń gbà lójúmọ́, mi ò tíì rí ẹni tó san án fún mi.