Bí a ṣe ń dá olú ilé ikán mọ̀ nínú igbó

Abẹ́ ilẹ̀ ni ẹ̀rí tó dájú jù nípa olú yìí wà. Ẹni tó bá kàn fi ọwọ́ fà á tu ti fi ohun tó yẹ kó wò sílẹ̀ nínú erùpẹ̀. Termitomyces ni àwọn onímọ̀ ń pè é. Ikán ló ń tọ́jú rẹ̀: wọ́n á kó ewé àti igi gbígbẹ wọlé, wọ́n á fi mọ afárá bíi ti oyin, olú á sì máa hù lára afárá náà fún wọn láti jẹ. Ìgbà òjò ló ń yọ sókè, ọjọ́ díẹ̀ ló sì ń lò kó tó jẹrà, ìdí nìyẹn tó fi ṣọ̀wọ́n.

Mú ọ̀bẹ gígùn àti apẹ̀rẹ̀ dání. Má lo ọ̀rá, torí olú máa ń gbóná nínú rẹ̀, á sì tètè bàjẹ́. Wo ẹ̀bá ọ̀gán, ṣùgbọ́n wo ilẹ̀ pẹrẹsẹ náà, torí ikán mìíràn kì í mọ ọ̀gán sókè. Èyí tó bá hù lára igi kì í ṣe òun.

Yan ẹyọ kan tó ti là dáadáa. Gbẹ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí o sì máa tọ ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ sísàlẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ẹsẹ̀ olú ilé ikán máa ń tín-ín-rín bó ṣe ń lọ, ó sì lè gùn ju mítà kan lọ nínú ilẹ̀ kó tó dé afárá, tó rí bíi kànìnkànìn aláwọ̀ eérú tí èso funfun wẹ́wẹ́ wà lára rẹ̀. Bí ẹsẹ̀ náà bá parí nítòsí, fi í sílẹ̀. Bí ìdí rẹ̀ bá wú, tó jókòó sínú àpò funfun, má tilẹ̀ gbé e délé: ó lè jẹ́ Amanita, ìdílé olú mìíràn tí àwọn kan nínú wọn ń pa ènìyàn. Ẹyọ kan náà tó láti gbẹ́. Gé ìyókù mọ́lẹ̀, kí o sì bo ihò náà padà, torí ibẹ̀ ló tún máa ń hù lọ́dún tó ń bọ̀.

Wo orí rẹ̀ báyìí. Ṣóńṣó líle tó dúdú díẹ̀ sábà máa ń wà láàárín, òun ló fi ń la ilẹ̀. Là á sí méjì: àwọn awẹ́ abẹ́ rẹ̀, tó tò bí ojú ìwé, kì í kan ẹsẹ̀, àlàfo tóóró máa ń wà níbẹ̀. Òrùka ọrùn ẹsẹ̀ kò ṣeé gbára lé. Àwọn kan ní in, bíi Termitomyces titanicus ti Zambia, tí orí rẹ̀ lè fẹ̀ tó mítà kan. Àwọn mìíràn kò ní.

Lẹ́yìn náà, gé orí kan, da abẹ́ rẹ̀ dé orí bébà tí ìdajì rẹ̀ funfun, tí ìdajì dúdú, fi abọ́ bò ó di ọjọ́ kejì. Lẹ́búlẹ́bú pínkì ni yóò jábọ́. Bó bá jẹ́ àwọ̀ ewé, olú mìíràn tí wọ́n ń pè ní Chlorophyllum molybdites ni, èyí tó máa ń fa èébì àti ìgbẹ́ gbuuru líle. Nígbà tó wà ní kékeré, awẹ́ rẹ̀ funfun, ojú lásán kò sì lè mọ̀ ọ́n. Bí lẹ́búlẹ́bú náà bá funfun, da olú náà nù. Pínkì nìkan kò sì tó: ti Entoloma, olú mìíràn, náà pínkì, ṣùgbọ́n awẹ́ rẹ̀ sábà máa ń kan ẹsẹ̀, kò sì ní gbòǹgbò, ìyẹn ẹsẹ̀ gígùn inú ilẹ̀ yẹn.

Oríṣi kékeré kan wà, Termitomyces microcarpus, tó máa ń hù lọ́pọ̀ yanturu láìní gbòǹgbò gígùn. Kí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ má ṣe ká a.

Má tẹ̀lé àwọn tó ní olú tí kòkòrò bá jẹ kò lóró, tàbí pé àlùbọ́sà á dúdú bí oró bá wà. Irọ́ ni. Sísè àti gbígbẹ kì í pa oró àwọn Amanita tó ń pa ènìyàn. Bí àmì kan bá ta ko òmíràn, má jẹ ẹ́, kí o sì fi han ẹni tó mọ̀ ọ́n dájú kí o tó jẹ èyí àkọ́kọ́ láyé rẹ.

Sè é jinná, jẹ díẹ̀, kí o sì tọ́jú ẹyọ kan tútù sínú fìríìjì di ọjọ́ kejì. Oró tó burú jù lè pẹ́ wákàtí mẹ́fà sí méjìlá, tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kó tó hàn. Bí inú bá ń run tàbí èébì bá dé, gbé olú yẹn dání lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀, kódà bí ara bá tún dà bí ẹni tó ti yá.