Àwọn Àṣìṣe Tí Ó Ń Jẹ Owó Àwọn Tí Ń Wá Ẹni Tí Ọlọ́pàá Mú ní Agbègbè Kétu

Ó ti pẹ́ tí mo ti ń bá àwọn ẹbí tí ń wá ènìyàn wọn rìn láàárín kọmisáríà (àgọ́ ọlọ́pàá) Kétu ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ àti ilé ẹjọ́ Pobẹ̀, débi pé ọmọ mi kékeré sọ mí ní "Bàbá Awá-ẹlẹ́wọ̀n" níwájú àwọn àlejò. N kò bínú sí orúkọ náà. Ohun tí ń bí mi nínú ni owó tí àwọn ènìyàn ti ná dànù kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ ẹni tí ó mọ ọ̀nà. Mo gbà pé ẹ ti mọ ìyàtọ̀ láàárín ẹni tí a mú, ẹni tí ń dúró de ìdájọ́ àti ẹni tí a ti dá lẹ́bi, nítorí náà n kò ní ṣe àlàyé wọn. Àwọn ohun tí kò yẹ kí ẹ máa ṣe ni mo fẹ́ kọ.

Àkọ́kọ́, ẹ má ṣe wá orúkọ ẹni tí a mú ní Kétu lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ní Amẹ́ríkà, ó wọ́pọ̀ pé kí ọ́fíìsì ṣẹ́rífù ti káúńtì kan fi orúkọ àwọn tí ó wà ní àhámọ́ rẹ̀ síta lọ́fẹ̀ẹ́, pẹ̀lú fọ́tò àti ẹ̀sùn tí a fi kàn wọ́n. Àwọn tí ń bójú tó ọgbà ẹ̀wọ̀n ìjọba àpapọ̀ wọn náà sì ní ibi tí a ti lè wá ẹni tí ó ti wà lọ́dọ̀ wọn láti ọdún 1982 títí di òní. Kò sí irú rẹ̀ ní Bẹ̀nẹ̀. Ìwé àkọsílẹ̀ tí ó wà lọ́wọ́ ọlọ́pàá àti èyí tí ó wà lẹ́nu ọ̀nà ọgbà ẹ̀wọ̀n ni tiwa, kò sì sí ẹni tí ó dà wọ́n sórí ẹ̀rọ ayélujára fún gbogbo ayé láti kà. Òfin 2017-20 ti ọjọ́ 20 oṣù kẹrin ọdún 2018, èyí tí ó dá lórí ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ ayélujára, ka àkọsílẹ̀ ẹ̀sùn àti ìdálẹ́bi ènìyàn mọ́ ohun tí a kò gbọdọ̀ tú ká bí ó ti wù wá. Síbẹ̀, bàbá kan ti Libreville ní Gabon dé pẹ̀lú ìwé tí ó rà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ó tẹ́ ẹ sórí tábìlì bí ẹni tẹ́ ẹ̀rí sílẹ̀ níwájú adájọ́. Ọlọ́pàá náà yí ìwé náà sókè, ó yí i sódì, ó wá bi bàbá náà bóyá Texas wà ní ẹ̀gbẹ́ Adakplamé, abúlé wa níbí. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ fẹ́ jọ ti àbúrò rẹ̀ ni wọ́n tà fún un. Èyí tí ó burú jù ni pé oṣooṣù ni wọ́n ṣì ń yọ owó nínú káàdì báńkì rẹ̀, nítorí pé kò ka àwọn ọ̀rọ̀ wẹ́wẹ́ tí ó wà nísàlẹ̀ kí ó tó tẹ bọ́tìnì ìsanwó.

Èkejì, casier judiciaire kì í ṣe àkọsílẹ̀ ẹni tí a mú. Ìdálẹ́bi ni ó wà nínú rẹ̀, ẹni tí ó ni ín nìkan ni ó sì lè béèrè ẹ̀dà kẹta rẹ̀, nítorí náà kò lè ràn yín lọ́wọ́ láti wá ẹnikẹ́ni.

Ẹ̀kẹta ni ọ̀rọ̀ orúkọ, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fara balẹ̀ síbí, nítorí pé òun ni ó máa ń gba oorun lójú mi. Ìyá kan wá láti ọ̀nà Idigny, ó ń wá ọmọ rẹ̀ tí gbogbo ilé ń pè ní Ṣínà. Ní kọmisáríà àkọ́kọ́ tí ó dé, ọlọ́pàá tí ó wà lẹ́nu iṣẹ́ fi ìka tẹ̀ lé àwọn orúkọ láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó mi orí, ó ní kò sí níbẹ̀. Ìyá yìí bá gun zémíjàn, ọ̀kadà wa, lọ sí Pobẹ̀, ó wọkọ̀ láti ibẹ̀ lọ sí Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), ó dúró lẹ́nu ọ̀nà ọgbà ẹ̀wọ̀n títí oòrùn fi wọ̀, ó sì fún ọkùnrin kan lówó tí ó búra pé òun rí ọmọ náà ní Akpro-Missérété. Ní gbogbo àkókò yìí, ọmọ náà wà lẹ́yìn ògiri kọmisáríà tí ó kọ́kọ́ lọ. Nígbà tí ó dé ọ̀dọ̀ mi, mo bi í pé kí ni orúkọ tí ó wà nínú ìwé ọmọ náà. Ó tú etí ìró rẹ̀, ó yọ ẹ̀dà ìwé ìdánimọ̀ kan tí a ṣẹ́ po sí mẹ́rin, tí omi ti mú lẹ́tà ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lọ: Rafiou ni wọ́n kọ síbẹ̀, kò sí Ṣínà nínú rẹ̀ rárá. A padà lọ, a sì rí orúkọ náà lójú ewé kan náà tí ìka ọlọ́pàá ti kọjá lórí rẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Ẹ wò ó, kì í ṣe ọlọ́pàá ni ó jẹ̀bi níbí. Ẹni tí a bá béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ bóyá Bàbá Ìbejì wà nínú ìwé rẹ̀, kí ni ẹ fẹ́ kí ó ṣe? Ní ìhà ọ̀dọ̀ wa, ènìyàn kan lè ní orúkọ àbísọ, oríkì, orúkọ mùsùlùmí tàbí ti kìrìsìtẹ́nì, orúkọ tí olùkọ́ fi kọ ọ́ sílẹ̀ ní ilé ẹ̀kọ́, àti èyí tí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń pè é ní ibùdókọ̀. Ọ̀kan péré ni ó wà nínú ìwé ìjọba, ọ̀nà Faransé ni wọ́n sì gbà kọ ọ́: Adéṣínà di Adéchina, Ṣẹ́gun di Chégoun, Látífù di Latifou. Bí ọlọ́pàá tí ń kọ̀wé bá wá láti Àríwá, tàbí tí ó jẹ́ Fọn tí kò gbọ́ èdè wa, tí ẹni tí a mú kò sì ní ìwé lọ́wọ́, ohun tí etí rẹ̀ bá gbọ́ ni yóò kọ. Nígbà mìíràn orúkọ bàbá ni ó ṣáájú, nígbà mìíràn orúkọ ọmọ. Ẹ tún ro ti Táyé, Kẹ́hìndé, Ìdòwú àti Àlàbá mọ́ ọn, àwọn orúkọ tí ó pọ̀ bí ewé ní Kétu, kí ẹ wá sọ fún mi bí ọlọ́pàá yóò ti mọ èyí tí ẹ ń wá. Ọjọ́ ìbí kò fi bẹ́ẹ̀ rànni lọ́wọ́ fún àwọn àgbàlagbà, nítorí pé ọ̀pọ̀ nínú wọn ni a kọ ọdún nìkan fún, tí a sì fi "né vers", ìyẹn "a bí i ní nǹkan bí ọdún", síwájú rẹ̀.

Kí ẹ tó kúrò nílé, ẹ kọ nǹkan wọ̀nyí sórí bébà kí ẹ sì fi lé ọlọ́pàá lọ́wọ́: orúkọ bí ó ti wà nínú ìwé ìdánimọ̀ gẹ́lẹ́, orúkọ bàbá àti ti ìyá, ibi tí a ti bí i, àti NPI, nọ́ńbà ìdánimọ̀ tí ANIP, ilé iṣẹ́ ìjọba tí ń bójú tó ìdánimọ̀ aráàlú, fún un. Nọ́ńbà yẹn ni ó ya Táyé kan sọ́tọ̀ kúrò lára Táyé kejì. Ẹ máa tọ́jú ẹ̀dà ìwé gbogbo ará ilé síbi kan. Mo ń sọ èyí lójoojúmọ́, àwọn ènìyàn á mi orí pé àwọn ti gbọ́, wọn á sì tún padà wá bi mí bóyá wọ́n rí "Fẹ̀lá" nínú ìwé.

Ọ̀rọ̀ orúkọ ti gbé mi jìnnà, n kò sì rántí iye tí mo ti kà mọ́, nítorí náà ẹ jẹ́ kí a máa lọ láìka nọ́ńbà.

Ẹ má ṣe wá jándámù, àwọn ológun tí ń ṣe iṣẹ́ ọlọ́pàá tẹ́lẹ̀, mọ́. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2018 ni wọ́n ti da jándámù àti ọlọ́pàá pọ̀ sí ọ̀kan.

Ẹ má ṣe gbàgbé pé kì í ṣe ọlọ́pàá nìkan ni ó ń múni. Ẹni tí ó ń gbé kpayo, epo bẹntiróòlù fàyàwọ́, láti ẹnu ibodè lè wà lọ́wọ́ dúánì (àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù), ẹni tí ó gé igi nínú igbó ìjọba lè wà lọ́wọ́ àwọn aṣọ́gbó, ẹ sì lè yí gbogbo kọmisáríà po láìrí i.

Àṣìṣe ti àkókò náà ń jẹ owó púpọ̀. Abala 18 nínú òfin ìpilẹ̀ ti ọjọ́ 11 oṣù kejìlá ọdún 1990 sọ pé a kò gbọdọ̀ ti ènìyàn mọ́lé ju wákàtí 48 lọ àyàfi bí adájọ́ tí a mú un dé iwájú rẹ̀ bá pàṣẹ bẹ́ẹ̀, àfikún tí òfin bá sì gbà kò gbọdọ̀ kọjá ọjọ́ mẹ́jọ. Ìtumọ̀ èyí fún ẹni tí ń wá ènìyàn ni pé laarin ọjọ́ méjì àkọ́kọ́, kọmisáríà ni ó yẹ kí ẹ lọ, kí ẹ sì béèrè láti rí i, nítorí pé òfin fún ẹni tí a mú ní ẹ̀tọ́ láti rí ará ilé rẹ̀, dókítà àti agbẹjọ́rò. Lẹ́yìn ìyẹn, ọ̀dọ̀ procureur, agbẹjọ́rò ìjọba tí ń fi ẹ̀sùn kanni, ní Pobẹ̀ ni ẹ ó ti béèrè. Mo ti rí ẹni tí ó dé Kétu ní òpin ọ̀sẹ̀, tí ó ń pariwo pé wọ́n ti gbé ọmọ òun pamọ́, nígbà tí ọmọ náà ti dé iwájú adájọ́.

Ẹ má ṣe méfò ọgbà ẹ̀wọ̀n. Ẹ béèrè lọ́wọ́ akọ̀wé ilé ẹjọ́ ibi tí ìwé àṣẹ adájọ́ ní kí wọ́n gbé e lọ, kí ẹ sì gba ìwé àyè ìbẹ̀wò lọ́wọ́ adájọ́ kí ẹ tó wọkọ̀, nítorí pé ẹ̀ṣọ́ yóò dá yín padà lẹ́nu ọ̀nà bí kò bá sí lọ́wọ́ yín. Bí ẹ̀sùn náà bá jẹ́ ti jìbìtì orí íntánẹ́ẹ̀tì, ti àwọn tí gbogbo ènìyàn ń pè ní gayman, CRIET, ilé ẹjọ́ àkànṣe fún ọ̀ràn jìbìtì owó àti ìpániláyà tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 2018, ni ó lè wà níwájú rẹ̀, akọ̀wé Pobẹ̀ sì lè má mọ ohunkóhun nípa rẹ̀.

Ẹ má ṣe fún ẹnikẹ́ni lówó lábẹ́ igi. Owó tí kò bá ní ìwé ẹ̀rí ti dànù nìyẹn.

Bí ó bá jẹ́ pé òdìkejì ibodè, ní ìhà Ìmẹ̀kọ, ni wọ́n ti mú un, òfin Bẹ̀nẹ̀ kò ní agbára níbẹ̀ mọ́. Abala 35 nínú òfin ìpilẹ̀ Nàìjíríà ti ọdún 1999 ní kí a gbé e dé ilé ẹjọ́ laarin ọjọ́ kan bí ilé ẹjọ́ bá wà laarin kìlómítà 40, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, laarin ọjọ́ méjì tàbí àkókò mìíràn tí ilé ẹjọ́ bá kà sí èyí tí ó tọ́. Àgọ́ ọlọ́pàá tí ó mú un ni ẹ ó kọ́kọ́ dé níbẹ̀.

Àwọn tí ọmọ wọn wà ní Amẹ́ríkà, tí ICE, ilé iṣẹ́ ìjọba ibẹ̀ tí ń mú àwọn àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú, sì mú un, ní ohun tí àwa kò ní: ojú ìwé kan wà tí a ti ń wá ẹni tí wọ́n mú, ọ̀fẹ́ sì ni. Nọ́ńbà tí ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú lẹ́tà A àti orílẹ̀-èdè tí a ti bí i ni ẹ ó fi wá a; bí ẹ bá fẹ́ fi orúkọ wá a, ó gbọ́dọ̀ bá ti inú ìwé wọn mu lẹ́tà sí lẹ́tà, Chégoun kì í sì í ṣe Segun lójú ẹ̀rọ. Ẹni tí kò tíì pé ọdún 18 kò sí nínú rẹ̀.

Ohun tí ó kù ni fọ́tò. Ẹ má ṣe fi fọ́tò ọmọ yín sí gbogbo ẹgbẹ́ WhatsApp pé "ẹ bá wa wá a, ọlọ́pàá mú un". Àwọn ẹlẹ́tàn ni yóò kọ́kọ́ pè yín, fọ́tò yẹn ni wọn yóò sì fi tàn yín jẹ pé àwọn wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Procureur lè tú u sílẹ̀ lọ́la láìfi ẹ̀sùn kankan kàn án, fọ́tò náà yóò sì ṣì máa rìn láti fóònù dé fóònù títí dé ọ̀dọ̀ ẹni tí ó fẹ́ gbà á síṣẹ́.