Bí Olùkọ́ Ṣe Lè Fi Fóònù Kan Ṣoṣo Dán Gbogbo Kíláàsì Wò

Ọ̀pọ̀ irinṣẹ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń polówó fún olùkọ́ ló gbà pé fóònù wà lọ́wọ́ ọmọ kọ̀ọ̀kan, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ kíláàsì wa ní Èkìtì kò rí bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyí tí mo fi fara mọ́ Plickers, áàpù kan tí a fi ń dán ọmọ wò: fóònù olùkọ́ nìkan ló ń ṣiṣẹ́, káàdì ni àwọn ọmọ ń gbé sókè. Káàdì kọ̀ọ̀kan ní etí mẹ́rin, A, B, C àti D. Etí tí ọmọ bá kọ sókè ni ìdáhùn rẹ̀, kámẹ́rà yóò sì ka ti gbogbo wọn pọ̀. Àwòrán dúdú ara káàdì kan kò jọ ti èkejì, nítorí náà kò rọrùn láti jí ìdáhùn wò.

Ẹ ṣí àkáǹtì ní plickers.com, ẹ dá kíláàsì sílẹ̀, kí ẹ sì to àwọn ọmọ sí i. Nọ́ńbà ẹ̀gbẹ́ orúkọ ọmọ ni nọ́ńbà káàdì rẹ̀. Orúkọ àbísọ nìkan ni mo máa ń kọ. N kì í gbé orúkọ ìdílé ọmọ ọlọ́mọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Títẹ káàdì ló ń ba iṣẹ́ yìí jẹ́. Ẹ mú fáìlì oní-káàdì 40, méjì lójú ewé kan, tí í ṣe ojú ewé 20. Atẹ̀wé yóò sọ fún yín pé òun lè há mẹ́rin sójú ewé kan kí owó lè dínkù. Ẹ má gbà fún un, nítorí káàdì kékeré kì í ṣeé kà láti iwájú dé ìjókòó ẹ̀yìn. Ẹ má ṣe fọ́tòkọ́pì ohun tí wọ́n ti fọ́tòkọ́pì, nítorí ìlà funfun tó bá la dúdú já yóò da kámẹ́rà láàmú. Ẹ má fi ọ̀rá dídán bò ó pẹ̀lú, torí ìmọ́lẹ̀ yóò máa kọ mànà lára rẹ̀. Páálí Indomie ni mo máa ń lẹ̀ ẹ́ mọ́, sítáàṣì ẹ̀gẹ́ sì ni mo fi ń lẹ̀ ẹ́. Ó le ju bébà olówó ńlá lọ.

Ọmọ kì í rí iwájú káàdì tó bá ti gbé e sókè, nítorí náà a máa ń kọ lẹ́tà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sẹ́yìn rẹ̀. Olùkọ́ kan tí a jọ ṣiṣẹ́ to tirẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ó ṣe rí i lójú káàdì, ó gbàgbé pé bí a bá yí páálí padà, ọ̀tún á di òsì. Odidi ọ̀sẹ̀ kan ni àwọn ọmọ tó mú B fi ń gba òdo, nítorí D ni fóònù ń kà. Ẹ fi àtàǹpàkò tẹ A níwájú, kí ẹ kọ A síbi tí ìka ìfábẹ̀lá yín wà lẹ́yìn, kí ẹ tó kan etí mìíràn. Pẹ́ńsù ni kí ẹ lò, kí ó sì kéré, nítorí ojú ẹni tó jókòó lẹ́yìn mú.

Ìbéèrè márùn-ún tó lẹ́ẹ̀kan. Gboard, pátákó ìtẹ̀wé Google orí fóònù, ní Yorùbá, kò sí àwáwí fún ẹni tó bá kọ ọ́ láìsí àmì. Ìdáhùn tó kùnà náà gbọ́dọ̀ ní ìtumọ̀. Bí mo bá bèèrè ọdún tí a dá Ìpínlẹ̀ Èkìtì sílẹ̀, tí í ṣe 1996, mo máa ń fi 1976 àti 1991 sí i: ọmọ tó mú 1976 ń ro Òndó, ìpínlẹ̀ tí a ti yọ wá, ẹni tó mú 1991 ń ro Ọ̀ṣun.

Lọ́jọ́ ìdánwò, ẹ ṣí dátà. Ẹ kọ ẹ̀yìn sí fèrèsé kí ìmọ́lẹ̀ lè bọ́ sójú káàdì, ẹ sì kìlọ̀ kí wọ́n di etí funfun mú, nítorí ìka tó bá bo dúdú ló ń sọ káàdì di aláìṣeékà. Ẹ darí fóònù díẹ̀díẹ̀ láti òsì sí ọ̀tún títí iye yóò fi pé. Káàdì kò ju 63 lọ. Bí ọmọ bá pọ̀ jù bẹ́ẹ̀, kí ẹni méjì jọ lo ẹyọ kan.

Bí ìdá kan nínú mẹ́ta bá ṣì í, ọjọ́ náà ni mo ń tún un kọ́. Káàdì kì í bá ọmọ kankan lọ sílé lọ́dọ̀ mi: rọ́bà ni mo fi ń dì wọ́n, inú páálí ṣọ́ọ̀kì ni wọ́n ń sùn.